Ògiri Tí Mo Kọ́ ní Ohùn Ìyàwó Mi

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́ lè pè mí bẹ́ẹ̀. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ìyẹn ń dùn. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, etí mi méjèèjì ló gbọ́ ọ, ó sì ṣojú mi. N kì í mu ọtí, n kì í lo oògùn oorun. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní bí a ṣe ń ya àwòrán ilé, ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ṣómólú. Ẹni tó ń ya àwòrán ilé kì í fa ìlà síbi tí kò sí ògiri. Bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń retí òkùnkùn àti igbe òwìwí, ẹ má bínú. Kì í ṣe òru. Ọ̀sán gangan ni, nígbà tí oòrùn wà láàárín orí, tí àwọn tó ń ta omi tútù ń pariwo lójú títì ní Ladi-Lak, ní Bàrígà. Àwọn àgbà máa ń kìlọ̀ fún aboyún nípa àkókò yẹn. Èmi máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi kú ní oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Ìyá Tọ́pẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Tọ́pẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, ó sì ti wà nílé ọkọ. Iṣẹ́ dídi ìwé ni ìyàwó mi ń ṣe ní Ṣómólú, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan láàárín àwọn ilé ìtẹ̀wé. Bí wọ́n bá tẹ ìwé tán, wọ́n á kó o wá fún un; òun ló ń ká a, tó ń rán an, tó ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn mọ́ ọn. Nítorí gọ́ọ̀mù yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kì í mọ́ tó láti tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù. Ohùn rẹ̀ ló máa ń gbà sílẹ̀, tó ń fi ránṣẹ́ sí mi. Á fi ìka kékeré tẹ̀ ẹ́, á wúkọ́ díẹ̀, á wá sọ pé:

"Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ bá mi ra búrẹ́dì bọ̀ o. Àbí ẹ ti kọjá Onípanu?"

Lẹ́yìn náà, á fi ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ̀ pé mo ti kọjá Onípanu.

Mẹ́sàn-án péré nínú irú ohùn tó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló kù lórí fóònù mi nígbà tó kú. Èmi fúnra mi ni mo ti pa ìyókù rẹ́ kí fóònù má baà kún. Mo ti gbọ́ mẹ́jọ nínú wọn. Ẹ̀kẹsàn-án, n kò gbọ́ ọ rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Láàárọ̀ ọjọ́ tó kú, mo wà ní ìpàdé ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bàrígà. Iwájú pẹpẹ la ti ń ṣe ìpàdé yẹn, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ síbẹ̀ dáadáa. Fóònù mi wà lórí tábìlì, mo ti pa ariwo rẹ̀. Ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i pé ìyàwó mi ni. Mo da ojú rẹ̀ dé.

Ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì la ń sọ lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, àwọn aládùúgbò ti gbé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tí mo dé ọsibítù, ó ti parí. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó sọ láyé wà lórí fóònù mi, kò tó ìṣẹ́jú kan, n kò sì ní ìgboyà láti tẹ̀ ẹ́. Bó bá jẹ́ pé ó ń pè mí kí n wá gbà á ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé ó ń dágbére ńkọ́? Mo tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ẹni tó tọ́jú lẹ́tà tí kò tíì já. Mo sọ fún ara mi pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí màá lè gbọ́ ọ. Ní tòótọ́, ọjọ́ yẹn nìkan ni mò ń tìtorí rẹ̀ jí láàárọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ nípa ògiri náà.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti pẹ́. Ẹ̀yìn pẹpẹ rẹ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ bíi ti àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kọ́ nísinsìnyí. Ògiri ibẹ̀ tẹ̀ sẹ́yìn, ó rí bí ìgbà tí a la ìkòkò ńlá kan sí méjì, tí a gbé ìlàjì kan dúró, tí a sì kọ inú rẹ̀ sí ìjọ. Òrùlé ibẹ̀ pàápàá rọ̀ wálẹ̀ bí igbá. Inú Igbá la ń pè é. Bí ẹ bá dúró níbẹ̀ tí ẹ kọjú sí i, ògiri ló yí yín ká lọ́tùn-ún, lósì àti níwájú.

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi pé àwọn Kristẹni kọ́ ló kọ́kọ́ mọ irú ògiri bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Róòmù ayé àtijọ́ ń mọ ọ́n sí ilé ẹjọ́ wọn. Ibẹ̀ ni adájọ́ ń jókòó sí. Wọ́n ń mọ ọ́n sí ilé òrìṣà wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé ère sí. Ògiri tó tẹ̀ máa ń kó ohùn jọ. Ohùn tó bá lù ú á padà wá pàdé lójú kan, bí omi ṣe ń ṣàn lọ sí ìdí abọ́. Ẹni tó bá dúró lójú ibẹ̀, bí wọ́n bá sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, á dà bí ẹni pé wọ́n fẹnu sí i létí.

Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyẹn. N kò mọ̀ pé kò ju ìdajì ẹ̀kọ́ lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ìgbìmọ̀ ní kí n bá àwọn wọn Inú Igbá, nítorí ògiri náà ti sán láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì fẹ́ mọ bí wọn yóò ṣe tún un ṣe. Mo gbà. Ilé ò ṣeé jókòó sí.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ, mo bá Bàbá Ìlàjẹ níbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, láti etí òkun Òndó; orúnkún ló lé e kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi, ó wá ń gbé ní Abúlé Òkúta. Ó ń gbá Inú Igbá lọ́wọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì wú bí ẹni tó ń fun fèrè. Mo kí i, kò dáhùn. Ó gbá ibẹ̀ tán, ó jáde síta, ó tu omi sínú gọ́tà, ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ káàsán, Tíṣà."

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ṣé eyín ń dùn yín ni?"

"Eyín wo? Mẹ́rin ló kù. Wọ́n jìnnà síra wọn, wọn ò lè jà."

"Omi tó wà lẹ́nu yín ńkọ́?"

Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó bá kọjú sí ògiri yẹn kì í sọ̀rọ̀. Ẹni tí mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló sọ fún mi. Ẹ sì mọ̀ mí, ẹnu mi ń yún mi. Bí mi ò bá bu omi sí i, màá máa dá sọ̀rọ̀."

"Àlùfáà ńkọ́? Ṣebí wọ́n ń wàásù níbẹ̀."

"Àlùfáà kẹ́yìn sí i. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú wọn."

"Tí ẹ bá wá sọ̀rọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀?"

"Mi ò mọ̀. Torí kí n má baà mọ̀ ni mo ṣe ń bu omi sẹ́nu."

Mo rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Bàbá Ìlàjẹ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ máa rín in, Tíṣà. Ìwé ti pọ̀ jù lórí yín." Ó gbé ìgbálẹ̀, ó lọ wá oúnjẹ jẹ.

Mo ta tépù ìwọ̀n sílẹ̀. Mo ṣe ìṣirò, mo rí ojú ibi tí ohùn ti ń pàdé, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Mo dúró lórí rẹ̀, mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Àtẹ́wọ́ náà padà wá bá mi láyà.

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò gbèrò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ mi ló ṣèèṣì kan fóònù nínú àpò àyà. Mo mú un jáde, mo wá èyí tó sọ nípa búrẹ́dì, mo gbé e sókè sí ògiri, mo tẹ̀ ẹ́.

Ìyàwó mi wúkọ́ níwájú mi. Kì í ṣe nínú fóònù. Níwájú mi, bí ẹni tó dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mi. Ó pè mí. Ó bi mí nípa Onípanu. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì fẹ́ sí mi lójú bí èémí.

Mo jókòó sórí ilẹ̀ símẹ́ńtì, mo sunkún bí ọmọdé.

Láti ọjọ́ náà, mò ń lọ lójoojúmọ́, ní ọ̀sán, nígbà tí kò sí ènìyàn. Ohun tó yẹ kí n fi ọjọ́ kan wọ̀n, mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọ̀n ọ́n. Àwọn mẹ́jọ yẹn ni mo ń tẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kẹsàn-án, n kò fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kẹrin, ohùn ìyàwó mi parí ọ̀rọ̀, fóònù dákẹ́. Ohùn náà kò dákẹ́.

Ó pe orúkọ mi.

Orúkọ mi gan-an, pẹ̀lú orúkọ bàbá mi, bí wọ́n ṣe ń pè é tí wọ́n bá ń kéde ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi. Ohùn rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n la fi jẹ́ tọkọtaya, obìnrin yẹn kò fi orúkọ pè mí rí. Kí a tó bí Tọ́pẹ́, "Bọ̀ọ̀dá" ló ń pè mí. Nígbà tí a bí i, mo di Bàbá Tọ́pẹ́. Kò tíì fi inú bíbí pe orúkọ mi rí.

Orí mi wú. Gbogbo irun ara mi dìde. Ẹlòmíràn ì bá ti sá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, iṣẹ́ tíṣà ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Bí mo bá gbọ́ àṣìṣe, ẹnu mi á ti tún un ṣe kí n tó ronú.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Bàbá Tọ́pẹ́ ló ń pè mí."

Ògiri náà dákẹ́. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bí ọmọ tó gbọ́n nínú kíláàsì ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn, nígbà tó bá ń kọ nǹkan sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kí n tó mú fóònù jáde, ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Bàbá Tọ́pẹ́."

"Ó máa ń wúkọ́ ná," ni mo dáhùn.

Ó wúkọ́.

N kò ní sọ fún yín pé wọ́n tàn mí jẹ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Láti ọjọ́ tó ti pe orúkọ mi ni mo ti mọ̀, mo sì ń padà lọ. Mo kọ́ ọ ní bó ṣe máa ń fa ọ̀rọ̀ nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Mo kọ́ ọ ní "àbí bẹ́ẹ̀ kọ́" tó máa ń fi parí ọ̀rọ̀. Mo kọ́ ọ ní ẹ̀rín rẹ̀: mo ní kò gùn tó bẹ́ẹ̀, ó ní kí n fi hàn án, mo sì fi hàn án. Àgbàlagbà bíi tèmi, mo dúró lẹ́yìn pẹpẹ Ọlọ́run, mò ń rín ẹ̀rín obìnrin sí ògiri.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo tẹ ọ̀rọ̀ búrẹ́dì yẹn nílé. Ikọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́. "Bàbá Tọ́pẹ́" kò sí níbẹ̀. Ohun tó kù ni "... búrẹ́dì bọ̀ o", lẹ́yìn náà ìdákẹ́jẹ́, níbi tó yẹ kó ti rẹ́rìn-ín. Mo tẹ èkejì. Mo tẹ ẹ̀kẹta. Ní òpin ọ̀sẹ̀ náà, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti ṣófo.

Mo gbé fóònù lọ sí Onípanu, sọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Ó fi ìgbọ́rọ̀ sí etí, ó gbọ́ títí, ó fajú ro.

"Dádì, kò sí nǹkan tó ṣe fóònù yín. Ẹni tó ránṣẹ́ ni kò sọ̀rọ̀."

"Ó sọ̀rọ̀. Èmi ló sọ ọ́ fún."

"Ẹ má bínú, sà. Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Ó kàn ń mí ni, bí ẹni tó ń tẹ́tí." Ó yọ ìgbọ́rọ̀ kíákíá, ó nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ máa gbé e lọ, sà. Ẹ jọ̀ọ́."

Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí mo délé, mo di ojú, mo ní kí n fi ọkàn rántí bí ìyàwó mi ṣe ń rẹ́rìn-ín. N kò rí i. Ó dà bí ìgbà tí ahọ́n ń wá eyín tó ti ká. Ojú ibẹ̀ wà, nǹkan ibẹ̀ kò sí.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ láti gba ohun tèmi padà.

Àwọn obìnrin tó ń fọ aṣọ pẹpẹ ti ṣe tiwọn tán, wọ́n ti lọ. Oòrùn mú débi pé páànù òrùlé ń ta pọ́ pọ́ lókè. Mo dúró lórí àmì ṣọ́ọ̀kì.

"Dá a padà," ni mo wí.

Ó wúkọ́. "Bàbá Tọ́pẹ́, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ò tíì jẹun, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Kò sí ohun tó kù tí mo lè tún ṣe nínú rẹ̀. Ó pé. Bí wọ́n bá ní kí n fi Bíbélì búra, màá sọ pé ìyàwó mi ni. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún mi, ó rìn yí ògiri náà ká, ó dé ọwọ́ òsì, ó tún padà.

"Kí ni kí n dá padà? Ìwọ lo fún mi."

"Kò sọ 'ìwọ' sí mi rí."

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ti bọ́.

"O ṣeun," ni ògiri wí. Ó tún un sọ: "Ẹ ṣeun, Bàbá Tọ́pẹ́."

Eruku bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ láti ojú ibi tí ògiri ti sán. Afẹ́fẹ́ tútù ń jáde níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gọ́tà àti oòrùn nìkan ló wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Mo wo inú rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ní kí n ya àwòrán rẹ̀ fún yín. Nǹkan kan wà nínú òkùnkùn ibẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, bí ọ̀fun ẹni tó ń gbé itọ́ mì.

"Ó ku ẹyọ kan," ni ó wí. "Ó wà nínú àpò yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ká jọ gbọ́."

"Rárá."

"Mo wà níbí lọ́jọ́ náà. Ó gbọ̀n lórí tábìlì. Ẹ da ojú rẹ̀ dé. Símẹ́ńtì lẹ ń sọ." Ohùn rẹ̀ rọ̀, bí ohùn ìyàwó mi ṣe máa ń rọ̀ nígbà tí mo bá ń ṣàìsàn. "Ẹ ò fẹ́ mọ ohun tí mo sọ fún yín ni? Ohun tí mo sọ kí ẹ tó délé, ẹ ò fẹ́ mọ̀?"

N kò rán ọwọ́ mi. Ó lọ sínú àpò fúnra rẹ̀. Kí n sọ òótọ́ fún yín, ìdajì mi ń bẹ ìdajì kejì pé kó jẹ́ kí a gbọ́ ọ, bí a bá tilẹ̀ pàdánù rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo gbé fóònù sókè sí ògiri. Mo fi àtàǹpàkò lé e.

Wọ́n gbá mi lọ́wọ́ mú.

Bàbá Ìlàjẹ ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú fún omi, ojú rẹ̀ yọ síta, ó ń mi orí sí mi kíkankíkan. Ó ń fà mí. Ojú tì mí láti kọ èyí: mo bá a jà. Mo bá arúgbó tó fẹ́ gbà mí jà, nítorí kó jẹ́ kí n gbọ́. Ìgbọ̀nwọ́ mi gbá a lẹ́rẹ̀kẹ́, omi fọ́n jáde lẹ́nu rẹ̀ sórí ilẹ̀, ó sì pariwo kó tó lè kó ara rẹ̀ níjàánu.

"Tíṣà! Ẹ jáde níbẹ̀!"

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Páànù pàápàá dákẹ́.

Ògiri wá sọ ọ́, pẹ̀lú ohùn apẹja àgbàlagbà, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ tó máa ń gba àárín eyín mẹ́rin kọjá: "Tíṣà. Ẹ jáde níbẹ̀."

Lẹ́yìn náà, ó fi ẹ̀rín ìyàwó mi rẹ́rìn-ín.

Bí a ṣe dé ìta, n kò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé a wà nínú oòrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, Bàbá Ìlàjẹ sì ń la ẹnu sí mi. Ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń jáde.

Títí di òní, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà mẹ́ta, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Mo máa ń lọ kí i ní Abúlé Òkúta. Ọkùnrin tó máa ń fi ọ̀rọ̀ pa gbogbo ojúlé lẹ́rìn-ín, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fà mí mọ́ra, ó fi gbogbo agbára mí ìbéèrè kan sí mi létí:

"Ta ló ń gbá ibẹ̀ báyìí?"

Obìnrin kan ni wọ́n gbà, ọmọlúwàbí ènìyàn. Ó fẹ́ràn kó máa kọrin bó bá ń ṣiṣẹ́. Mo ti sọ fún un nípa omi. Ó wò mí bí ẹ̀yin náà ṣe lè máa wò mí báyìí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀. Alága gbá mi léjìká, ó ní, "Alàgbà, ọ̀fọ̀ ni. Ẹ lọ sinmi." Wọ́n fi símẹ́ńtì dí ojú ibi tó sán, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun. Ó dára lójú. Àwọn akọrin ti ń sọ pé ohùn àwọn túbọ̀ ń dùn níbẹ̀. Wọ́n ní nígbà mìíràn, ó dà bí ẹni pé àwọn pọ̀ ju iye àwọn lọ.

Tọ́pẹ́ fẹ́ kí a ṣe ìsìn ìrántí ọdún kan ìyá rẹ̀ níbẹ̀. Mo ti kọ̀ fún un. Ó bínú, ó ní n kò ka ìyá òun sí. Ó tún bi mí nípa ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn, tí mo ti sọ fún un pé ó wà lórí fóònù mi: "Dádì, ẹ̀tọ́ mi ni. Bí ẹ ò bá lè gbọ́ ọ, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi." Mo sọ fún un pé kó fún mi lọ́jọ́ díẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo jókòó sórí ibùsùn wa. Yàrá náà ní igun mẹ́rin gúnmọ́. Mo wọ̀n ọ́n. Mo ti fèrèsé. Mo gbé fóònù mọ́ etí, mo tẹ̀ ẹ́.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan fa èémí sínú, bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

Mo dá a dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá méjì tí mo gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ìyàwó mi ló fa èémí yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń dúró dè mí níbẹ̀, mo sì tún ti da ojú rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kejì. Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́? Ilẹ̀ ti ṣú báyìí, Tọ́pẹ́ ti pè lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì tíì gbé e.

Ohun tí mo mọ̀ ni mo ti sọ fún yín. Bí ẹ bá wọ ilé ìjọsìn kan tí ẹ̀yìn pẹpẹ rẹ̀ tẹ̀ bí igbá, ẹ gbàdúrà yín, kí ẹ máa lọ. Bí ẹni yín tó ti kú bá pè yín níbẹ̀, tó wá ṣi orúkọ yín pè, tàbí tó rẹ́rìn-ín tí ẹ̀rín náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tún un ṣe. Ẹ jẹ́ kó máa ṣì í.